Láti Orín Àta Dé Epo Mọ́sítáàdì

Ẹni tó bá ti rún orín àta rí kò lè gbàgbé bó ṣe máa ń ṣe lẹ́nu. Á kọ́kọ́ korò, lẹ́yìn náà á máa ta. Kí ẹ tó mọ̀, ahọ́n àti ètè á ti kú tipiri, itọ́ á sì máa dà. Àwọn ìyá tó ń tà á máa ń dì í ní ìdì kéékèèké sẹ́gbẹ̀ẹ́ pákò Ìjẹ̀bú, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tí orín àta bá ti mọ́ lára kì í fẹ́ gba òmíràn. Igi rẹ̀ ní ẹ̀gún lára. Bí ẹ bá fi ọ̀bẹ ha èèpo gbòǹgbò rẹ̀, inú rẹ̀ á yọ ní àwọ̀ ìyeyè tó ti pọ́n.

Àwọ̀ yẹn kò wà níbẹ̀ lásán. Nínú gbòǹgbò igi àta ni àwọn onímọ̀ kẹ́míkà ti yọ èròjà kan tí wọ́n ń pè ní chelerythrine. Kì í ṣe òun ló ń mú ẹnu kú, iṣẹ́ èròjà mìíràn nìyẹn. Tirẹ̀ ni pé ó ń pa kòkòrò àrùn, ó sì ń jẹ́ kí igi náà korò lẹ́nu ohunkóhun tó bá fẹ́ fi ṣe oúnjẹ. Igi yìí kan náà ni Abayomi Sofowora àti Isaacs gbé wọ yàrá àyẹ̀wò ní Yunifásítì Ifẹ̀, tí wọ́n sì kéde ní ọdún 1971 pé omi gbòǹgbò rẹ̀ ń mú kí sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tó ti tẹ̀ bíi dòjé nà padà. Ẹ̀jẹ̀ inú ìgò ni o, kì í ṣe ti inú ara èèyàn, èròjà mìíràn nínú gbòǹgbò náà ni wọ́n sì gbé oríyìn náà fún nígbẹ̀yìn. Síbẹ̀, ilé tí fòníkú-fọ̀ladìde bá wà mọ bí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí létí.

Chelerythrine jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn èròjà tí wọ́n ń pè ní álíkálọ́ìdì, ìyẹn àwọn ohun kíkorò tí ewéko ń pèsè sínú ara rẹ̀, tí ẹni tó bá jẹ ẹ́ á fi mọ̀ pé òun jẹ nǹkan. Káfíìnì inú obì wà lára wọn. Nikotíìnì inú tábà wà lára wọn. Kuníìnì tí àwọn bàbá wa fi ń lé ibà, tí etí wọn á máa hó ṣíún, òun náà wà lára wọn. Chelerythrine sì ní ìbejì kan, sanguinarine. Ìyàtọ̀ tó wà láàrin àwọn méjèèjì kò ju igun kan lọ: níbi tí ọ̀kan ti ní apá méjì tí kálukú dá dúró, èkejì pa apá méjì náà dé bí òrùka. Igun kékeré yẹn náà ni, ṣùgbọ́n sanguinarine ni ó ti pa èèyàn jù.

Ibi tí a ti mọ̀ ọ́n jù ni ìdílé pọ́pì. Ìdílé yìí náà ni òdòdó tí wọ́n ń gba oje ọpiọ́ọ̀mù lára rẹ̀ ti wá, òun ló fún ilé ìwòsàn ní mọ́fíìnì, òun náà ló fún wa ní kodíìnì tí àwọn ọ̀dọ́ sọ di ọtí mímu kí ìjọba Nàìjíríà tó fòfin de omi ikọ́ tó ní in nínú ní ọdún 2018. Látàrí èyí, bí wọ́n bá dárúkọ pọ́pì, ohun tó máa ń wá sí wa lọ́kàn ni ilẹ̀ Afghanistan, àwọn òkè ńlá, àti àwọn ológun. A kì í rò pé ó lè wà lẹ́yìn ilé wa.

Ó wà. Màfọwọ́kàn-ọmọ-mi ni, èyí tí àwọn ibòmíràn ń pè ní ahọ́n ẹkùn. Ilẹ̀ Mẹ́síkò àti àyíká rẹ̀ ló ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti di ará ilé káàkiri ilẹ̀ olóoru. Orí ààtàn ló fẹ́ràn, àti ẹ̀bá títì, àti ibi tí wọ́n da yanrìn sí láti fi kọ́lé tí owó wá tán. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí koríko mìíràn ti gbẹ, òun á ṣì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè, tó fẹ́lẹ́ bíi pépà, tí ewé rẹ̀ ní ìlà funfun lórí bí ẹni pé wọ́n fi ẹfun kùn ún, tí ẹ̀gún sì yí etí ewé náà ká. Bí ẹ bá ṣẹ́ igi rẹ̀, oje tó ń jáde kì í ṣe funfun bíi ti ìbẹ́pẹ. Àwọ̀ ìyeyè gbáà ni. Èso rẹ̀ náà ní ẹ̀gún. Bó bá gbẹ, orí rẹ̀ á là, hóró dúdú wínníwínní á sì máa dà jáde, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò tóbi ju mílímítà méjì lọ. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta hóró náà ni epo. Inú epo yẹn ni sanguinarine wà.

Níhìn-ín, kò sẹ́ni tó ń fún hóró màfọwọ́kàn-ọmọ-mi ní epo. Ìtàn tó fi í sórí àkọsílẹ̀ àwọn oníṣègùn ṣẹlẹ̀ ní Íńdíà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ra epo pupa ní ọjà wa máa yé e láìjẹ́ pé a ṣàlàyé púpọ̀. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń ra epo. Wọn kì í sanwó kí wọ́n tó ní kí ẹlẹ́po ṣí kẹ́ẹ̀gì. Wọ́n á ti ìka bọ̀ ọ́, wọ́n á lá a, wọ́n á fi pa àtẹ́lẹwọ́, wọ́n á gbé e síbi ìmọ́lẹ̀ wò. Bó bá pupa ju bó ṣe yẹ lọ, wọ́n á ní wọ́n ti lu epo yìí. Wọn kò ṣìwí, nítorí pé àwọn kan ń bu aró Súdán, tí wọ́n dá fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ńlá, sínú epo kí ó lè pọ́n, NAFDAC sì ti kìlọ̀ nípa rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní Gánà náà ti ṣe. Ìka àti ahọ́n ìyá wa lè mọ epo tó ti kan. Kò lè mọ aró.

Bí epo pupa ṣe jẹ́ fún wa ni epo mọ́sítáàdì jẹ́ fún àwọn ará Bengal àti apá àríwá Íńdíà. Òun ni wọ́n fi ń dín ẹja, òun ni wọ́n fi ń ṣe ọbẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ra ọmọ tuntun lára bí àwọn ìyá àgbà wa ṣe ń fi àdí ṣe é. Ó ní òórùn tó ń ta gan-an nímú, tí omi á bọ́ lójú ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e kaná. Òórùn yìí ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń mọ ojúlówó. Ó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé epo mìíràn lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀.

Hóró mọ́sítáàdì dúdú, ó rí roboto, ó kéré. Hóró màfọwọ́kàn-ọmọ-mi náà dúdú, ó kéré. Bí ẹ bá kó méjèèjì sí àtẹ́lẹwọ́ tí ẹ sì fara balẹ̀ wò ó, ẹ máa rí i pé ara mọ́sítáàdì fẹ́rẹ̀ẹ́ dán, tí ti èkejì ní ìlà híhun lára bí àwọ̀n, tí ìkángun rẹ̀ sì ṣe ṣóńṣó díẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń wo hóró kọ̀ọ̀kan nínú àpò? Ewéko náà kì í ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó ń hù fúnra rẹ̀ káàkiri Íńdíà. Ẹni tó bá fẹ́ sọ àpò mẹ́wàá di àpò mọ́kànlá mọ ohun tó máa ṣe.

Àìsàn náà kọ́kọ́ wọ àkọsílẹ̀ ní ọdún 1877 ní Calcutta, ìlú tí a mọ̀ sí Kolkata lónìí, nígbà tí dókítà kan tó ń jẹ́ Lyons ròyìn rẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń wú. Kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo nínú ilé, gbogbo ilé ni, bàbá, ìyá, ọmọ, ọmọ ọ̀dọ̀. Bí dókítà bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun aláìsàn, ibẹ̀ á jìn sínú, kò ní tètè dìde. Ara ẹsẹ̀ á pọ́n, á gbóná, á máa ta. Ìgbẹ́ gbuuru á ti ṣáájú, ikọ́ á tẹ̀ lé e, aláìsàn kò ní lè mí dáadáa bó bá dùbúlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn lára àwọn kókó pupa tó yọ lára ẹlòmíràn. Ojú àwọn kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú nítorí pé omi inú ẹyinjú wọn ti le jù. Ohun tó ń pa wọ́n jù ni ọkàn tí kò lè fa ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kò pẹ́ tí irú rẹ̀ fi dé erékùṣù Mauritius, níbi tí wọ́n ti kó àwọn òṣìṣẹ́ Íńdíà lọ sóko ìrèké.

Nǹkan kan wà tó yẹ kó ti tètè la àwọn oníṣègùn lójú: ọmọ ọmú kì í ní in. Gbogbo ilé lè wú, ọmọ tó ń mu ọmú nìkan ṣoṣo á wà bó ṣe wà. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn ìgbà náà kọ́kọ́ pè é ní beriberi, àìsàn tí ìrẹsì tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ tán máa ń fà, tí òun náà ń mú ẹsẹ̀ wú. Nígbà tí ìyẹn kò bá a mu tán, wọ́n ní ìrẹsì tó ti bu ni, pé kòkòrò inú rẹ̀ ló ń tu májèlé jáde. Acton àti R. N. Chopra wà lára àwọn tó gbé èrò ìrẹsì yìí lárugẹ ní àwọn ọdún 1920. Ní ọdún 1926, dókítà kan tó ń jẹ́ S. L. Sarkar kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn Íńdíà pé epo hóró ẹlẹ́gùn-ún yẹn ni kí wọ́n máa wò. Ó tó bí ọdún mọ́kànlá kí Lal àti Roy tó tọ ipasẹ̀ epo náà láti ilé dé ilé ní ọdún 1937. Ọdún méjì lẹ́yìn ìyẹn, Chopra kan náà tó ti dá ìrẹsì lẹ́bi, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ da epo náà pọ̀ mọ́ epo mọ́sítáàdì, wọ́n sì fún àwọn èèyàn jẹ kí wọ́n lè rí i bóyá ẹsẹ̀ wọn máa wú. Ó wú. Irú àyẹ̀wò yẹn kò ní ṣeé gbà lónìí. Ṣùgbọ́n mo kí ọkùnrin náà fún nǹkan kan: ó wó ilé tí òun fúnra rẹ̀ kọ́, ó sì buwọ́ lù ú.

Ní ọdún 1948 ni S. N. Sarkar, Sarkar mìíràn, yọ sanguinarine jáde láti inú epo náà, tó sì fi hàn pé òun ni májèlé. Láti ìgbà yẹn ni a ti mọ ohun tó ń ṣe nínú ara, ó kéré tán ọ̀nà tó ń gbà. Lára sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ni ẹ́ńsáìmù kan wà tó ń kó iyọ̀ síta, tó sì ń gba pọtásíọ̀mù wọlé. Sanguinarine ń dí i lọ́wọ́. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-tìn-tín, tí ojú lásán kò lè rí, á fẹ̀, ara wọn á sì ṣí, omi inú ẹ̀jẹ̀ á máa jò jáde sínú ẹran ara. Nítorí pé omi kì í gòkè, ẹsẹ̀ ló máa ń rọ́ sí. Ọkàn á wá máa ṣe iṣẹ́ ìlọ́po láti fa ẹ̀jẹ̀ tó ti ń dín kù. Kò sí oògùn tó ń lé e jáde. Ohun tí dókítà lè ṣe kò ju pé kí wọ́n dá epo náà dúró, kí aláìsàn sinmi, kí wọ́n fún un ní oúnjẹ tó lókun àti oògùn tó ń mú omi jáde, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọkàn àti ojú rẹ̀.

Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ti tó. Bí wọ́n bá da ìgò kan epo màfọwọ́kàn-ọmọ-mi sínú ọgọ́rùn-ún ìgò epo mọ́sítáàdì, ó lè gbé ilé kan dùbúlẹ̀ bí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Kò sí ahọ́n ìyá kan láyé tó lè mọ ìdá kan yẹn. Nínú yàrá àyẹ̀wò, wọ́n ń da ásíìdì náítíríkì sí epo nínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á mì í, wọ́n á dúró. Bí èyí tó wà nísàlẹ̀ bá pọ́n bí ìpẹtà, wọ́n mọ̀ pé ọ̀ràn wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò yìí kì í rí ohun tó bá kéré ju ìdá mẹ́rin ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Èyí tó ń lo pépà, tó ń jẹ́ kí èròjà kọ̀ọ̀kan gun pépà náà ní ìwọ̀n agbára rẹ̀, ló lè rí ìdá kan nínú mílíọ̀nù.

Wọ́n ti ní gbogbo ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ fún àádọ́ta ọdún kí ti Delhi tó ṣẹlẹ̀. Nínú oṣù kẹjọ ọdún 1998, àwọn ilé ìwòsàn Delhi bẹ̀rẹ̀ sí í kún fún àwọn tí ẹsẹ̀ wọn wú, ìdílé lẹ́yìn ìdílé. Kó tó rọlẹ̀, àwọn tó wọ ilé ìwòsàn ti lé ní 3,000, àwọn tó kú sì lé ní 60. Ìjọba dá títa epo mọ́sítáàdì dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣòfin pé inú ike tàbí agolo tí wọ́n ti dí lẹ́nu nìkan ni kí wọ́n máa ta epo jíjẹ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá le nìyẹn, ó sì máa yé ẹnikẹ́ni tó bá mọ bí a ṣe ń ná owó kékeré. Ẹni tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò ju ti epo òní lọ kì í ra epo inú ike. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n fún un látinú agolo ńlá. Àwọn ẹlẹ́po kéékèèké tó ń fún hóró lójú oníbàárà wọn pẹ̀lú ẹ̀rọ ìbílẹ̀ bá òfin náà lọ, àtẹni tó lu epo àtẹni tí kò lù ú. Vandana Shiva, obìnrin tó ń jà fún àwọn àgbẹ̀ Íńdíà, kọ ọ́ lẹ́yìn ìgbà náà pé àdàlù náà kì í ṣe ọ̀ràn ẹlẹ́po kan lásán, pé ẹni tó jèrè níbẹ̀ ni epo sóyà tó ń wọlé láti òkè òkun. Mi ò bá a dé ibi gbogbo tó dé nínú ẹ̀sùn yẹn. Ṣùgbọ́n pé òfin tó wúlò lè tẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyẹn kì í ṣe ohun àjèjì sí ẹni tó bá ti tajà rí nílùú wa.

Kí ló dé tí ewéko fi ń ṣe irú nǹkan báyìí? Nítorí ara rẹ̀ ni. Sanguinarine ń wọ inú DNA kòkòrò àti olú tó bá kọlu ewéko, ó ń há sáàárín rẹ̀. Pọ́pì tó ń mú ọpiọ́ọ̀mù jáde náà ń ṣe é: mọ́fíìnì wà nínú oje èso rẹ̀, sanguinarine wà nínú gbòǹgbò, àtinú èròjà kan ṣoṣo, reticuline, sì ni ọ̀nà àwọn méjèèjì ti pín. Bí àwọn olùwádìí bá fi ara olú sí sẹ́ẹ̀lì pọ́pì nínú àwo, sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pèsè sanguinarine. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni bí ewéko kò ṣe ń pa ara rẹ̀. Pọ́pì ti California ní ẹ́ńsáìmù kan tó máa ń mú sanguinarine tó bá padà wọ inú sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, tó á sì sọ ọ́ di dihydrosanguinarine tí kò le tó bẹ́ẹ̀, tí kò sì ní àwọ̀. Ó tọ́jú ẹ̀rọ̀ májèlé sílé kó tó da májèlé sójú ọ̀nà.

Orúkọ sanguinarine kò ti ara màfọwọ́kàn-ọmọ-mi wá. Ara ewéko inú igbó ìlà oòrùn Amẹ́ríkà ni wọ́n ti kọ́kọ́ yọ ọ́, ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ewéko náà kì í ga, òdòdó rẹ̀ funfun, ó máa ń yọ nígbà tí òtútù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lọ, ewé kan ṣoṣo á sì wé mọ́ ọn bí ìborùn. Ẹ gé gbòǹgbò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni ẹ máa pe oje tó jáde. Àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, kí òyìnbó tó dé, ń fi pa agbọ̀n láró, wọ́n sì ń fi kun ara. Òyìnbó dé, ó sọ ọ́ di oògùn. Ní àwọn ọdún 1930, dókítà kan tó ń jẹ́ Frederic Mohs ní Wisconsin ń pò ó mọ́ síǹkì kúlóráìdì, tí wọ́n ń fi lé jẹjẹrẹ awọ ara kí wọ́n tó gé e ní ìpele ìpele. Iṣẹ́ abẹ náà ṣì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí dòní, ó sì wà lára àwọn tó dára jù fún irú jẹjẹrẹ yẹn. Ìpara náà ni àwọn dókítà ti pa tì.

Àwọn mìíràn kò pa á tì. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ṣì ń ta ìpara dúdú kan tó ní gbòǹgbò yìí àti síǹkì kúlóráìdì nínú, tí wọ́n ní ó ń fa jẹjẹrẹ jáde. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń jó ẹran ara, èyí tó ní àrùn àtèyí tí kò ní. Egbò á jinná sókè, jẹjẹrẹ lè ṣì wà nísàlẹ̀, kó máa tàn. Àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ títí. Ọ̀rọ̀ tí àwọn oníṣòwò náà ń fi polówó kò yàtọ̀ sí èyí tí a ń gbọ́ nínú mọ́tò láti Ọ̀jọ́ta dé Ìbàdàn: kò ní kẹ́míkà nínú, ewé àti egbò ni, kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Bí mo bá ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn báyìí, Delhi ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Kò sí ohun tó jẹ́ àdáyébá ju hóró tó ń hù fúnra rẹ̀ lórí ààtàn lọ.

Ọṣẹ ìfọyín náà lo gbòǹgbò pupa yìí. Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n ń ta ọṣẹ ìfọyín àti omi ìfọnu kan tó ń jẹ́ Viadent ní Amẹ́ríkà, tí sanguinarine inú rẹ̀ ń pa kòkòrò tó ń kó ìdọ̀tí jọ sí eyín. Èrò náà kò burú. Èrò tí àwọn bàbá wa fi ń rún orín àta náà ni, ìbejì kan ló wà nínú èyí, èkejì ló wà nínú ìyẹn. Ní ọdún 1999, àwọn oníṣègùn ẹnu tẹ ìwádìí jáde pé àwọn àmì funfun ń yọ sí igun ẹran ìdí eyín òkè àwọn tó ti ń lò ó, irú àmì tí wọn kì í fojú kékeré wò nítorí pé ó lè ṣáájú jẹjẹrẹ. Iléeṣẹ́ náà yọ sanguinarine kúrò, wọ́n fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí ju orín rẹ̀ nù. Chelerythrine ni mo sọ pé ó wà nínú igi àta, gbòǹgbò sì ni wọ́n ti rí i. Omi tí wọ́n yọ ní iléeṣẹ́ tí wọ́n rọ sínú ìgò kì í ṣe ohun kan náà pẹ̀lú igi tí à ń rún tí a sì ń tu itọ́ rẹ̀ dànù.

Nílẹ̀ Mali ni ọ̀rọ̀ màfọwọ́kàn-ọmọ-mi ti gba ọ̀nà mìíràn. Àwọn olùwádìí Bertrand Graz, Drissa Diallo, Merlin Willcox àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kò bẹ̀rẹ̀ láti yàrá àyẹ̀wò. Wọ́n lọ bá àwọn ìyá ní abúlé, wọ́n bi wọ́n pé nígbà tí ibà mú ọmọ yín gbẹ̀yìn, kí lẹ fún un, báwo ló sì ṣe rí lẹ́yìn náà. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ewéko tí wọ́n dárúkọ lé ní ọgọ́ta. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀, ọ̀kan ló ta yọ, tí àwọn tó lò ó fi ń gbádùn ju àwọn yòókù lọ: màfọwọ́kàn-ọmọ-mi. Ní abúlé Missidougou, oníṣègùn ìbílẹ̀ kan ti ń lò ó fún ibà tipẹ́. Ewé àti igi rẹ̀ ni wọ́n ń sè, kì í ṣe hóró. Sanguinarine kò pọ̀ nínú ewé. Ohun tó wà níbẹ̀ ni berberine, protopine àti allocryptopine, tí àwọn náà ń pa kòkòrò ibà nínú àwo àyẹ̀wò.

Wọ́n kọ́kọ́ fún ọgọ́rin aláìsàn ní àgbo náà ní ìwọ̀n oríṣiríṣi láti mọ èyí tó tọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pín àwọn aláìsàn ibà 301 sí ọ̀nà méjì láìṣe ojúsàájú. Àwọn kan mu àgbo, àwọn kan gba artesunate àti amodiaquine, oògùn tí ìjọba ń fún èèyàn. Èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 2010. Láàrin ọjọ́ 28, nínú ọgọ́rùn-ún ẹni tó mu àgbo, 89 ni kò nílò oògùn mìíràn. Nínú àwọn tó gba oògùn ìjọba, 95 ni. Nínú àwọn ọmọ tí kò ju ọdún márùn-ún lọ, àwọn tí ibà náà wá le sí kò yàtọ̀ lọ́nà méjèèjì, kò tó méjì nínú ọgọ́rùn-ún.

Àwọn olùwádìí náà kò ní kí wọ́n kó oògùn ilé ìwòsàn dà nù. Ohun tí wọ́n dábàá ni pé ní abúlé tó jìnnà sí ilé ìwòsàn, àgbo yìí lè jẹ́ ohun tí èèyàn kọ́kọ́ dì mú, kí oògùn ìjọba wà ní sẹpẹ́ fún ẹni tí kò bá gbádùn àti fún ọmọ kékeré tí ara rẹ̀ bá ń le sí i. Irú àbá bẹ́ẹ̀ kò lè dúró láìsí ẹni tó mọ ewéko náà dáadáa, tó mọ apá tó yẹ kó ká àti èyí tí kò gbọ́dọ̀ bọ́ sínú ìkòkò. Ní Missidougou, ẹni yẹn ní orúkọ, ó ní ilé tí wọ́n lè wá a sí bí àgbo bá ṣi ọmọ ṣe. Ní Delhi ní ọdún 1998, epo náà ti gba ọwọ́ ẹni tó ká hóró, ẹni tó fún un, ẹni tó lù ú, ẹni tó gbé e wá sí ìlú àti ẹni tó wọ̀n ọ́n tà, kó tó dé inú ìkòkò ẹni tó jẹ ẹ́.